A fi òdiwọ̀n Wendell Scott yẹ iṣẹ́ pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì wò ní Ìlọrin

“Mẹkáníìkì: Èmi.” Ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ìje Wendell Scott nìyẹn, kò sì sí àsọdùn níbẹ̀. Ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní 1921. Òun ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń tú ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń tò ó padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń na sípánà sí i. Mẹkáníìkì ni nínú iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wa takisí, ó sì ń fi ọkọ̀ kó ọtí tí òfin kò fàyè gbà lóru, kí wọ́n tó pè é sí pápá ìje Danville ní 1952. Àwọn tó ṣètò ìje náà ń wá aláwọ̀ dúdú tó mọ ọkọ̀ sá dáadáa, wọ́n bá lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ti ń lé e kiri lọ?

Ohun tó kan Wendell Scott pẹ̀lú àyẹ̀wò iṣẹ́ ní Ìlọrin ni pé àlòkù ló fi jà. Chevrolet Bel Air tó fi borí ìje ńlá NASCAR, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Jacksonville, ìpínlẹ̀ Florida, lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá 1963, ọwọ́ Ned Jarrett tí àwọn jọ ń sá ìje ló ti rà á. Ìje yẹn ló sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó borí ní ìpele tó ga jù lọ nínú eré náà. Ìje 495 ló sá ní ìpele yẹn láti 1961 sí 1973, ó sì wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú 147. Ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àlòkù kọ́ ló ń pa ọkọ̀, àlòkù tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n kó tó wọlé ni. Níbi ìwọ̀n yìí gan-an ni iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti ń mẹ́hẹ.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní mọ́tò láti Tanke títí dé Ọ̀fà. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, tàbí ó ti ń mu ọ́ìlì kọjá bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì fọwọ́ nu aṣọ, ó ní, “Alhaji, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ ẹ̀.” Ẹni mẹ́ta ló máa pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn: ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, mẹkáníìkì tó máa gbé e wọlé, àti rìwáyà tó máa so wáyà. Kò sí ẹni tó ń dáhùn fún iṣẹ́ ẹnì kejì. Bí nǹkan bá dàrú, mẹkáníìkì á ní ẹ́ńjìnnì ni, ẹni tó tà á á ní wọn kò mọ̀ ọ́n gbé ni, rìwáyà á sì ti lọ sí ibòmíràn.

Bí a bá ní ká fún iṣẹ́ náà ní máàkì, 4 nínú 5 ni fún ìyára, torí àwọn ọwọ́ tó ń ṣe é ní Ìlọrin mọ ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà láìwo ìwé. 3 nínú 5 ni fún bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé. Fún yíyẹ ẹ́ńjìnnì wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, 1 nínú 5 ni, ó sì tún jẹ́ pé àánú ló mú wa fún un ní ẹyọ kan yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìsọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tà á. Háàfù ni bọ́lọ́ọ̀kì pẹ̀lú tọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan. Kọ́ńpìlíìtì ni èyí tí ọ́tánétọ̀, kíìkì tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, máńífóòdù, tọ́rótù àti kọ́ìlì ṣì wà lára rẹ̀. Bí àwọn nǹkan ara ẹ́ńjìnnì yín àtijọ́ bá ṣì dára, háàfù tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́tánétọ̀ tí ẹ kò nílò gbówó lé yín. Owó rẹ̀ kò dúró lójú kan, dọ́là ló ń darí rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ní ìsọ̀ mẹ́ta ní ọjọ́ kan náà. Iye tí wọ́n sọ fún yín lóṣù tó kọjá kò wúlò fún nǹkan kan.

Ìdánilójú tí wọ́n ń fún oníbàárà ló rọ jù nínú gbogbo rẹ̀. “Ẹ lọ dán an wò, bí kò bá da, ẹ dá a padà.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè ní kó da ni pé kó sítáàtì, kó má sì nọ́ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀ àìsàn tó wọ́pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀ kì í fara hàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mímu ọ́ìlì máa ń gba ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kó tó hàn, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ lọ kì í sọ̀rọ̀ àfi bí mọ́tò bá gbóná lórí òkè. Ìdánilójú tó pin kí àìsàn tó jáde kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dáàbò boni ni gééjì kọ̀mpúrẹ́ṣàn. Irinṣẹ́ kékeré tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ ìsọ̀ tó ní in kò wọ́pọ̀. Bí ìsọ̀ kò bá ní, ẹ mú mẹkáníìkì tó ní i dání. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún. Ẹ yọ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ti sílíńdà tí ẹ fẹ́ wọ̀n nìkan, torí bí plọ́ọ̀gì yòókù bá wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní yí kíákíá tó. Ẹ já wáyà ìńjẹ́kítọ̀ kí epo má baà máa tú sínú rẹ̀. Ẹ ṣí tọ́rótù pátápátá kó lè rí afẹ́fẹ́ fà. Èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, á wá dà bíi pé gbogbo sílíńdà ló rẹ̀. Ẹ wé gééjì sójú ihò plọ́ọ̀gì, ẹ máa yí ẹ́ńjìnnì títí abẹ́rẹ́ kò fi ní gòkè mọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ bọ́ sórí èyí tó kàn.

Fún 1ZZ-FE, ìyẹn ẹ́ńjìnnì 1.8 tó wà nínú Corolla 2003 sí 2008, Toyota kò gbà kí sílíńdà kankan wálẹ̀ ju 145 psi (òǹkà tó wà lójú gééjì) lọ, kò sì gbà kí ìyàtọ̀ láàárín wọn ju 15 lọ. Nọ́ḿbà kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù ní ìsọ̀, torí pé ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ ti tutù, ìwọ̀n rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí bó ṣe máa rí tó bá gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó mú 160, 158, 162, 161 jáde sàn ju èyí tó mú 185, 183, 150, 184 jáde lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń tà á á máa na ìka sí 185. Bí ẹyọ kan bá lọ sílẹ̀, ẹ da ọ́ìlì tó tó ṣíbí ìpotíì kan sínú ihò rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, rínngì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ lọ sílẹ̀ pa pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó láàárín wọn.

Àwọn kan á sọ pé ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ kò ṣeé yí. Ó ṣeé yí bí gíàbọ́ọ̀sì àti kíìkì bá ṣì wà lára rẹ̀. Wáyà bátìrì méjì tó nípọn, ọ̀kan sára irin ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan sórí kíìkì, pẹ̀lú wáyà kékeré kan tó máa fún ẹnu kékeré kíìkì ní iná, ti tó. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kò fẹ́ kó ṣeé ṣe ni.

Ojú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní ẹrẹ̀ dúdú tó nípọn, ẹni tó lò ó ní òkè òkun kò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ẹ yẹ ihò tí omi ń gbà wò. Bí ó bá ní ìpẹtà pupa, omi lásán ni wọ́n ń dà sí i. Ẹ wo ihò tí èéfín ń gbà jáde: kó gbẹ, kó jọ eérú. Bí ọ́ìlì bá ti rin ín, ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń mu ọ́ìlì láti ibi tó ti wá. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi epo fọ̀ tí wọ́n tún kùn. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dọ̀tí gbígbẹ sàn lójú tiwa, torí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò hàn kedere lára rẹ̀.

Irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ rà náà ṣe pàtàkì. Nínú 1ZZ-FE tó jáde ṣáájú 2005, àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnnì kéré, èédú á dí wọn, rínngì ọ́ìlì á lẹ̀ mọ́ ojú kan, ọ́ìlì á sì máa jóná. Bí ẹ bá rí èyí tó jáde lẹ́yìn 2005, òun ni kí ẹ mú. 2AZ-FE, ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Camry Big Daddy, ní àléébù mìíràn. Okùn (tíréèdì) bóòtù mẹ́ta tó di tọ́ọ̀pù mú lápá ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí awakọ̀, máa ń fà yọ nínú bọ́lọ́ọ̀kì. Omi á wá máa jò níbi tí ojú kì í tó. Ní ìsọ̀, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ojú ibi tí tọ́ọ̀pù àti bọ́lọ́ọ̀kì ti pàdé lápá yẹn. Ipa omi tó ti gbẹ bí iyọ̀ á wà níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù kò lè mú un. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò náà, kó fi okùn irin tuntun sí i. Ti Camry Muscle, 2007 sí 2009, rínngì ọ́ìlì ni ìṣòro tirẹ̀, débi pé Toyota fúnra rẹ̀ pààrọ̀ písítìnnì fún àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá ń ta Muscle fún yín gẹ́gẹ́ bí èyí tó lágbára ju Big Daddy lọ, ẹ béèrè ọdún rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Ó ti di àkókò gbígbé e wọlé. Níbí, iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì Ìlọrin dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ lọ, àfi àwọn àṣà díẹ̀ tó ti wọ̀ wọ́n lára. Àkọ́kọ́ ni tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Ní nǹkan bí 80 sí 84 lórí ìwọ̀n Celsius ni ti 1ZZ ń ṣí, kò sì sí oòrùn Ìlọrin kankan tó súnmọ́ iye yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí kiri láìdúró, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á rò pé àárọ̀ ọyẹ́ ni títí ọ̀sán, á sì máa da epo kún un. Epo yẹn á fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, rínngì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Bí mọ́tò bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ tó dí tàbí fáànù tí kò ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wá.

Èyí tó ń ná èèyàn lówó jù ni ti gíàbọ́ọ̀sì ọ̀tọ́mátíìkì. Ohun ribiti tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì, kọ̀nfátà, gbọ́dọ̀ wọlé tán sínú gíàbọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹnu ẹ́ńjìnnì kò ó. Wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa tì í, títí tó fi máa jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ó bá ku díẹ̀, tí wọ́n wá fi bóòtù fà á mọ́ra, pọ́ọ̀ǹpù iwájú gíàbọ́ọ̀sì á fọ́ ní ìsítáàtì àkọ́kọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnu ẹ́ńjìnnì àti ti gíàbọ́ọ̀sì kò pàdé bí wọ́n bá fi ọwọ́ tì í. Bóòtù kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ń fà wọ́n pàdé. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì ọ́ìlì ẹ̀yìn. Owó kékeré ni síìlì náà, ṣùgbọ́n bó bá jò lẹ́yìn náà, gbogbo iṣẹ́ yìí lẹ máa tún san.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Ìlà tín-ín-rín ti tó. Èyí tó bá ti ojú irin yọ sínú máa já, á lọ dí ajọ̀ tí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì ń gbà fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì láìjẹ̀bi. Ẹ yẹ wáyà dúdú tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ wò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, iná á máa wá ọ̀nà mìíràn gbà, rìwáyà á sì máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọ́ìlì náà tún wà. Gálọ̀nù lítà 4 ni wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, mẹkáníìkì á sì dà á tán síbẹ̀. Lítà 3.7 ni 1ZZ ń gbà pẹ̀lú fílítà tuntun. 2AZ ti Big Daddy ń gba 3.8, ti Muscle sì ń gba 4.3, tó túmọ̀ sí pé gálọ̀nù kan pọ̀ jù fún méjì àkọ́kọ́, kò sì tó fún ẹ̀kẹta. Kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ìńjẹ́kítọ̀ ṣì wà ní jíjá, kí wọ́n yí kíìkì ní díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì á fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n so ó padà.

Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n yí po àdúgbò lẹ́ẹ̀kan. Kò tó. Ẹ gbé e lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo kí ẹ padà, pẹ̀lú AC ní títàn, kí fáànù ti wọlé kó sì jáde ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìje àkọ́kọ́ Scott ní Danville, ọkọ̀ rẹ̀ kú kí ìje tó parí, àwọn kan nínú èrò sì ń hó lé e lórí. Owó tó ń rí nídìí ìje ló fi ń tún ọkọ̀ ṣe, nítorí náà dídé òpin ìje kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì fún un. Kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn tó máa gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wá. Ẹni tó ń fi Corolla ṣe kábúkábú láàárín Ìlọrin àti Òmù-Àrán kò yàtọ̀ sí i nínú ìyẹn.

Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀. Ní Jacksonville, Buck Baker, awakọ̀ mìíràn nínú ìje náà, ni wọ́n kéde pé ó borí. Scott ti borí pẹ̀lú yípo méjì gbáko, ṣùgbọ́n ó tó wákàtí méjì kí àwọn alákòóso tó gbà bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Ẹ̀yà awọ ara ló fà á, gbogbo ayé mọ̀. Ó kú ní 1990 láìfọwọ́ kan ife-ẹ̀yẹ náà. Wọ́n gbà á wọ Gbọ̀ngàn Olókìkí NASCAR ní 2015, ọdún 2021 ni NASCAR tó gbé ife-ẹ̀yẹ ìje yẹn lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ ní Daytona. Ọdún kan náà yẹn ni Bubba Wallace borí ní Talladega, tó sì di aláwọ̀ dúdú kejì tó borí ní ìpele náà. Ní Talladega kan náà, ní 1973, ni ìjàǹbá tó lé Scott kúrò nídìí ìje ti ṣẹlẹ̀. Ó ti jẹ gbèsè ra ọkọ̀ Mercury tó dára ju gbogbo èyí tó ti ní rí. Ẹ́ńjìnnì ẹlòmíì ló fọ́ níwájú, ọkọ̀ ń kọlu ọkọ̀, Mercury náà bàjẹ́, òun náà sì fara pa gidigidi.

Ta ni iṣẹ́ yìí wá yẹ? Bí bọ́lọ́ọ̀kì yín bá ti lu, tàbí tí kọ́nẹ́tìn-ìn-rọ́ọ̀dù ti jáde lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì nìkan ló ń mu, tí kò sì nọ́ọ̀kì, ẹ wọn ti yín ná kí ẹ tó lọ wọn ti ẹlòmíì. Rínngì àti písítìnnì tuntun nínú bọ́lọ́ọ̀kì tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ lè pẹ́ ju tòkunbọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba sùúrù jù. Ẹ má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí kò ní gééjì tàbí tí kò jẹ́ kí ẹ dúró wò ó.

Kí rìsíìtì ní nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì tuntun, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti ìwọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó tà á sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé mọ́tò kí wọ́n lè yí nọ́ḿbà inú ìwé padà, torí pé bí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́nà, tí nọ́ḿbà kò bá ti ìwé mu, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi. Bí ìsọ̀ bá kọ̀ láti kọ nọ́ḿbà náà sórí rìsíìtì, ẹ má san kọ́bọ̀ níbẹ̀.